Sìgá Bàbá Mi Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Nílé wa, ìrọ̀lẹ́ ààwẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde. Mo ti wá ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́ kó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò rí i. Lẹ́yìn ìrun alààsárì, nígbà tí àwọn ilé yòókù ládùúgbò wa ní Igbó-Ọrà bá ń dín àkàrà, tí wọ́n ń po ògì de ìṣínu, bàbá mi á ti mọ́sáláṣí dé. Á bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí bàtà náà bá ṣe dún nílẹ̀ la fi máa ń mọ̀ bóyá ẹnì kan nínú wa máa sunkún kí oòrùn tó wọ̀.

Kì í lu ènìyàn ní oṣù yòókù. Ó yẹ kí n tètè sọ èyí, torí òun ló dààmú mi jù. Ká ní ó ń lù wá yípo ọdún ni, ǹ bá ti kórìíra rẹ̀, ọkàn mi ì bá sì balẹ̀ nínú ìkórìíra náà. Àgbẹ̀ ni. Ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí ló ń gbìn lójú ọ̀nà Ìgàngàn, ó sì máa ń gbé mi síwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, á máa bá mi ṣàwàdà, èéfín sìgá á máa gba orí mi kọjá. Láti ìgbà tó bá ti jí ni sìgá ti ń wà lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó bá ń kú lọ ló fi ń tan òmíràn. Ìka rẹ̀ méjèèjì tó fi ń dì í mú ti pọ́n bí èèpo iṣu tí wọ́n sun. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn nígbà náà. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ọ lára ẹlòmíràn nínú ọkọ̀, ara mi máa ń yá, lẹ́yìn náà ni màá sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ onítọ̀hún.

Tí ààwẹ̀ bá wá wọlé, kò ní fẹnu kan sìgá láti ìgbà tí ládàánì bá ti pe ìrun àsùbá. Ní sààrì, oúnjẹ díẹ̀ ló máa ń jẹ. Sìgá ló ń fi gbogbo àkókò yẹn fà, á máa fà á kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé, títí ìpè á fi dún. Nígbà náà ni á tẹ̀ ẹ́ pa. Kò jẹ ààwẹ̀ kan rí láyé rẹ̀, ó sì máa ń fi yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ìṣínu, kì í fi dàbínù ṣínu, kì í fi omi ṣínu. Sìgá ni. Ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n débi pé kò ní lè ṣá ìṣáná. Ìyá mi ló máa ń bá a ṣá a. Mo ti rí i tó gbé ìṣáná sún mọ́ ọn lẹ́nu, tí ojú òun fúnra rẹ̀ wú, tí àpá ọwọ́ ọkùnrin náà ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ìyá mi ní ètò tirẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá máa wo oṣù, tí àwọn obìnrin yòókù bá ń ra ṣúgà àti mílíìkì, òun á máa kó irin jáde nínú ilé. Á kó àdá, á kó àáké, á kó ọ̀bẹ, á gbé ọmọ odó, á kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé ìyá àgbà kan tó múlé gbè wá. Obìnrin náà á gbà á, kò ní béèrè nǹkan kan. Tí ìyá mi bá fẹ́ gún iyán fún sààrì, ilé ibẹ̀ ló ń gún un sí, á sì gbé iyán náà wálé nínú abọ́. Mo rò pé gbogbo ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo wọ iléèwé girama ni mo mọ̀ pé ilé wa nìkan ni.

Ìrọ̀lẹ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé, nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òbúkọ kan wọlé wá jẹ èèpo iṣu lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá mi. Ó gbá a lẹ́yìn pẹ̀lú ìtì igi ìdáná. Ẹ̀yìn ẹran náà kán. Ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀, ó ń ké bí ọmọ ènìyàn, bàbá mi sì ń tẹ̀ lé e, ó ń gbá a, títí ojú ẹran náà fi bọ́. Òbúkọ tirẹ̀ ni, nítorí náà kò sẹ́ni tó bá a wí. Nígbà tó ṣínu tán, tó ti fa sìgá rẹ̀, ó dúńbú ẹran náà tí kò tíì kú tán, ó kun ún, ó fi ṣe sàárà, ó pín in kiri àdúgbò. Àwọn ènìyàn gbàdúrà fún un. Wọ́n ní Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹran wà lẹ́nu mi, mi ò lè gbé e mì. Ẹ̀rù ló bà mí, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ó dà bíi pé èmi nìkan ni mo rí ohun kan tí kò yẹ kí ọmọdé rí, tí gbogbo àgbàlagbà sì ń jẹ ẹ́ mọ́ ẹ̀kọ.

Àṣìṣe tí àwọn ènìyàn wa ṣe nìyí. Ní oṣù yòókù, bí ọkùnrin bá lu ìyàwó, wọ́n á ní iṣẹ́ èṣù ni, wọ́n á pẹ̀tù sí i, ó parí. Àmọ́ áfáà ti ṣe wàásù pé wọ́n máa ń de gbogbo èṣù mọ́lẹ̀ nínú oṣù ààwẹ̀. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Bí èṣù bá ti wà nínú ẹ̀wọ̀n, ta ló ń ti bàbá mi? Ní ìdí kànga lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wí fún ìyá mi pé, "Ṣé kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé láti de ti ilé yín?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Èyí tó dàgbà jù láàárín wọn kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Èṣù ò sí nílé, ọkọ rẹ ń gba ààwẹ̀, ó ń kírun. Ìwọ náà wo ẹnu rẹ wò. Ó lè jẹ́ ẹnu rẹ ni." Ẹ̀rín tán. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ mọ́ tí alààsárì bá ti kọjá. Ọwọ́ ló fi ń júwe fún wa bíi odi. Kò dín lílù náà kù.

Mo kàwé jáde. Bàókẹ́mísírì ni mo kà, ní Ìbàdàn. Mo sin ìlú tán nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún ẹgbẹ̀rún méjì wọlé, kò síṣẹ́, mo padà sílé. Ààwẹ̀ bọ́ sínú ọyẹ́ lọ́dún yẹn.

Ìyá mi ń lọ ata ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ti kó gbogbo irin jáde, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè gbé ọlọ lọ sílé ẹlòmíràn lójoojúmọ́. Bàbá mi dé láti ibi wàásù, ó wọ jàlàbíà funfun. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ata ta sí i létí aṣọ. Ó dúró, ó wo ata náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gba ọmọ ọlọ lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ bá a lọ̀ ọ́. Ó wá gbé e sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lórí apá ìyá mi. Mo gbọ́ eegun náà. Ó dún bí igi gbígbẹ. Ó tún gbé e sókè, ó fi lù ú léjìká. Ìyá mi ṣubú lé orí ọlọ, ata sì kún ojú rẹ̀ àti ojú ọgbẹ́. Kò ké. Ó ti mọ́ ọn lára láti má ṣe sọ̀rọ̀ ní wákàtí yẹn.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, fo ọgbà wọlé. Ẹsẹ̀ àga tó ti kán ló bá pàdé. Ó fi gbá bàbá wa lẹ́nu. Ó gbá a lórí, ó gbá a lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń wí lábẹ́lẹ̀ pé, "Ṣé ó dùn? Ṣé ó dùn?" Eyín kan fò jáde. Bàbá mi ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná, jàlàbíà náà pọ́n débi pé èèyàn ò mọ èyí tó jẹ́ ata àti èyí tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀. Èmi dúró láàárín wọn, mo na ọwọ́ méjèèjì, mi ò di ẹnikẹ́ni mú.

Ìgbà náà ni ládàánì pe ìrun. Bàbá mi tu ẹ̀jẹ̀ dànù. Nílẹ̀ tó wà yẹn, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ sìgá, ó fi ẹyín iná tàn án. Ó fà á lẹ́ẹ̀mejì. Mò ń wò ó. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀, ohùn tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ jẹ́ ohùn tó fi ń bá mi ṣàwàdà lórí kẹ̀kẹ́. Ó ní, "Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun. Ẹ tètè, kó má baà wú."

Ohùn yẹn bà mí lẹ́rù ju ọmọ ọlọ lọ. Ọkùnrin kan náà ni. Èéfín ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wà láàárín méjèèjì.

Wọ́n to eegun ìyá mi. Nígbà tó lè rìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá mú un lọ sí Èrúwà. Àwọn àgbà ìdílé bàbá mi jókòó, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ padà sílé ọkọ kí ààwẹ̀ mìíràn tó wọlé, torí ìtìjú ni kí ọkùnrin máa fúnra rẹ̀ po ògì. Ohun tó kù tí gbogbo wa ń bá jà nìyẹn: bóyá ìyá mi á padà, àti bó bá padà, bóyá á yè é.

Mo lọ rí olùkọ́ mi kan ní Ìbàdàn. Mo rò ó fún un bíi pé ìtàn ilé ẹlòmíràn ni. Ó tẹ́tí sí mi, ó ní àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun kan nípa tábà. Ó ní nínú ọpọlọ, èròjà kan wà tó máa ń jẹ́ kí nǹkan dùn mọ́ni, tó ń jẹ́ ká fẹ́ tún un ṣe. Ẹ́ńsáìmù kan sì wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fọ́ èròjà náà sí wẹ́wẹ́, kó má baà pọ̀ jù. Èéfín sìgá máa ń so ẹ́ńsáìmù yìí lọ́wọ́. Adùn á wá pẹ́ nílẹ̀. Bí ẹni tó ti ń fà á látọjọ́ pípẹ́ bá wá dáwọ́ dúró, oró tábà á kúrò lára rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, ara rẹ̀ á máa gbóná, inú á máa bí i. Ẹ́ńsáìmù náà kì í tètè jí ní tirẹ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Adùn gbogbo á máa tán kíákíá títí ọpọlọ á fi tún ara rẹ̀ ṣe.

Omi bọ́ lójú mi nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ayọ̀ ni, ó sì tún jẹ́ nǹkan mìíràn, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹjọ́ tó ń bẹ̀rù látìgbà èwe kò sí nínú ìwé mọ́. Kì í ṣe èṣù. Kì í ṣe ẹnu ìyá mi. Olùkọ́ mi wo ojú mi, ó ní, "Má lọ fi èyí ṣe lọ́yà fún ẹnikẹ́ni o." Mo ní rárá sà. Mo ti wọ ọkọ̀ Èrúwà kí ọ̀rọ̀ náà tó tutù.

Ìyá mi jókòó sórí ẹní, àbúrò mi náà wá kí i lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Nígbà tí mo parí, ìyá mi bi mí pé, "Ẹ́ńsáìmù yìí, ṣé ó mọ̀ mí?"

"Rárá, Màmá. Kò mọ ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ó wà lórí bàbá rẹ nígbà tó wà ní mọ́sáláṣí?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá."

"Láti ọ̀sán títí di alààsárì ló máa ń jókòó síbẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin. Àwọn kan ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, àwọn kan ń wúkọ́ sí i létí. Kí ló dé tí kò fọ́ áfáà lápá?"

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹ́ńsáìmù yín mọ ọ̀nà ilé o. Ó mọ ẹni tí kò ní gbá a padà."

Inú bí mi sí i, torí ó sọ òótọ́, torí mo ti fẹ́ kí sáyẹ́ǹsì ràn mí lọ́wọ́ láti ní bàbá. Mo ní kò yé wọn. Mo ní ara rẹ̀ ń jó o ni. Ìyá mi fọwọ́ kan apá rẹ̀ tí wọ́n dì. Ó ní, "Mo gbà pé ara rẹ̀ ń jó o. Èmi ló ń wá pa iná náà sí lára. Sọ fún un. Kó fi sìgá sílẹ̀ kí ààwẹ̀ tó dé. Tó bá wá di inú ààwẹ̀, kó wá jókòó níwájú mi níbí, lẹ́yìn alààsárì, kí n wò ó. Lẹ́yìn náà ni màá sọ bóyá màá padà."

Mo jíṣẹ́ náà fún bàbá mi. Mo ṣàlàyé ẹ́ńsáìmù fún òun náà. Ó béèrè pé, "Ta ló fi í sínú orí mi?"

"Ọlọ́run ni, Bàbá."

"O wá fẹ́ kí n bá a jà." Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àlàfo eyín rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ààwẹ̀ sún mọ́lé, ó kó ẹrù díẹ̀, ó lọ sí abà lójú ọ̀nà Ìgàngàn. Kò mú sìgá lọ.

Mo gbé oúnjẹ lọ fún un ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Kí n tó débẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó tó ti fi àdá bẹ́ lulẹ̀, ebè sí ebè. Ó ti fi àáké la ilẹ̀kùn abà. Orí àwọn adìẹ rẹ̀ wà káàkiri ilẹ̀, ara wọn wà níbòmíràn, eṣinṣin bò wọ́n. Ó dúró láàárín wọn, ètè rẹ̀ ti bó.

Ó ní, "Dúró síbẹ̀. Má sún mọ́ mi. Gbé e sílẹ̀ kó o máa lọ."

Ó yẹ kí n lọ. Àmọ́ bí ẹ̀rù bá bà mí, àlàyé ni mo máa ń ṣe. Mo ní, "Ẹ fara dà á, Bàbá. Ẹ́ńsáìmù yẹn ló ń jí. Kò ní pẹ́..." Ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fò wá. Ó gba ẹ̀bá etí mi kọjá, ó wọ inú igi káṣù tó wà lẹ́yìn mi, ó dúró síbẹ̀. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó wá béèrè pé, "Ṣé ó bà ọ́?"

Mo ní kò bà mí. Mo sáré títí mo fi dé títì. Ohun tí mò ń rò bí mo ti ń sáré kì í ṣe ọkọ́ náà. Ó kì mí nílọ̀. Nínú gbogbo ooru tó wà lórí rẹ̀, ó rí àyè láti sọ fún mi pé kí n má sún mọ́ òun. Mi ò gbọ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi rí.

Ààwẹ̀ wọlé. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí olùkọ́ mi sọ ti kọjá, bàbá mi kò sì fa sìgá, ní ojú ọ̀sán tàbí lẹ́yìn ìṣínu. Ó fi dàbínù ṣínu bí àwọn yòókù. Ó ti rù, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Mo bá a lọ sí Èrúwà lẹ́yìn alààsárì. Mò ń gbàdúrà nínú ọkọ̀, mi ò mọ ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an. Mo fẹ́ kó yege fún ìyá mi, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fẹ́ kó yege fún jù.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé bẹ́ńṣì sí ojúde fún un. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà níwájú rẹ̀. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè ara, wọ́n sọ̀rọ̀ oko. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, "Àna, ẹ ti di ọ̀dọ́." Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Oòrùn ń lọ. Ọkàn mi ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ti ń fojú inú wo ẹrù ìyá mi nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi jáde, ó da omi tó fi fọ ẹ̀wà. Kò wo ibi tó ń dà á sí. Omi náà ta sí ẹsẹ̀ bàbá mi àti etí ṣòkòtò rẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mi ò rí yín."

Bàbá mi ti dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè, ó ti di ẹ̀ṣẹ́, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Obìnrin náà fi abọ́ bo ojú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi pẹ̀lú dìde. Bàbá mi wo ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọkùnrin tó sanra jù ú lọ. Ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀. Ó padà jókòó, ó ń nu ṣòkòtò rẹ̀, ó ní kò sí wàhálà.

Ìyá mi kò kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Mo wò ó, mo mọ̀ pé ó rí ohun tí mo rí: ẹni tí bàbá mi kọ́kọ́ wò kí ọwọ́ rẹ̀ tó sọ̀.

Ládàánì pe ìrun. Ìyá mi fi ọwọ́ rẹ̀ tó sàn gbé omi àti àkàrà fún un. Ó mu omi, ó jẹ àkàrà. Ó wá béèrè láì gbójú sókè pé, "Ìyáa wọn, ọjọ́ wo ni kí n máa retí?"

Ìyá mi ní, "O gbìyànjú. Sìgá ti lọ, Ọlọ́run gbà á fún ọ. Mi ò bọ̀."

Bàbá mi kò bá a jà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ìdílé, ìyá mi ti dìde, ó ń ṣe àlùwàlá. Mo tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn ilé. Mo fẹ́ sọ pé ọpọlọ kò tíì tún ara rẹ̀ ṣe tán, pé tá a bá fi oṣù díẹ̀ kún un, á sàn. Ó wo ẹnu mi tó ti là, ó ní, "Lọ bá bàbá rẹ, kó má wọkọ̀ lóun nìkan."

Ọkọ̀ Igbó-Ọrà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Bàbá mi wọlé sí ìjókòó iwájú, ó sún, ó fi àyè sílẹ̀ fún mi, ó fọwọ́ pá a pé kí n wá. Mo ní ibi tí afẹ́fẹ́ wà ni mo fẹ́, mo lọ jókòó lẹ́yìn rẹ̀.